Ọjọ́ Tí Wọ́n Wá Tọrọ Mi Lọ́wọ́ Bàbá Mi

Nígbà tí mo kúrò nínú ẹ̀sìn Ìsìláàmù tí mo di onígbàgbọ́, kò sí ẹni tó lù mí. Kò sí ẹni tó lé mi jáde nílé, kò sì sí ẹni tó bu májèlé sínú oúnjẹ mi. Mo fẹ́ kọ́kọ́ sọ èyí, nítorí mo ti jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì gbọ́ ìtàn àwọn tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí, mo sì mọ̀ pé bí irú mi bá dìde láti sọ̀rọ̀, ohun tí etí àwọn ènìyàn ń retí nìyẹn. N kò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Tèmi ni kò rí bẹ́ẹ̀. Ó sì ti pẹ́ tí mo ti ń rò ó pé ì bá sàn fún mi ká ní ó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí bàbá rẹ̀ lé jáde ṣì ní bàbá tó ń bínú sí i.

Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí ni ilé wa. Bàbá mi ń gbin iṣu àti ọkà bàbà ní oko tó wà lójú ọ̀nà igbó ọba, òun sì ni ládàánì ràtíbì, mọ́sálásí kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ agboolé wa, ẹni tó ń pe ìrun láàárọ̀ kùtùkùtù kí ẹnikẹ́ni tó jí. Ohùn rẹ̀ kò dùn tó bẹ́ẹ̀. Àbúrò rẹ̀, tí kò lè rí ohun tó pani lẹ́rìn-ín kó dákẹ́, máa ń sọ pé kì í ṣe ohùn bàbá mi ló ń jí àwọn ènìyàn wá kírun, ìbẹ̀rù pé ó lè tún un pè ni.

Àwọn tó bá sọ pé Yorùbá kì í jà nítorí ẹ̀sìn, òótọ́ ni wọ́n ń sọ, dé ìwọ̀n kan. Ilé tó kọjú sí tiwa, onígbàgbọ́ ni wọ́n. Ìrẹsì Kérésìmesì wọn kì í kọjá wa, ẹran Iléyá wa kì í kọjá wọn. Nígbà tí bàbá ilé náà kú, bàbá mi wà lára àwọn tó gbẹ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ ilé ẹlòmíràn nìyẹn. Bí mo bá ní kí n fi ẹ̀rí yẹn díwọ̀n ọ̀ràn tèmi, àṣìṣe ni yóò jẹ́, nítorí ẹni tó gbà pé kí aládùúgbò rẹ̀ gba ọ̀nà tirẹ̀ kò tíì sọ pé kí ọmọ òun bá a gbà á.

Bí mo ṣe yí padà kò gùn ní sísọ. Yàrá kan náà ni èmi àti ọmọkùnrin onígbàgbọ́ kan ń gbé ní yunifásítì. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka Ìwé Mímọ́ rẹ̀ kí n lè bá a jiyàn dáadáa. A jiyàn títí, kò borí mi rí. Lẹ́yìn tí ó ti kó kúrò ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé ohun kan ti dúró sí mi lọ́kàn tí kì í ṣe láti ẹnu rẹ̀, pé Ọlọ́run lè sún mọ́ ènìyàn débi tí ènìyàn fi lè pa á lára. N kò lálàá, n kò gbọ́ ohùn, n kò ṣàìsàn kí n wá rí ìwòsàn. Mo yẹ ọ̀rọ̀ náà wò fún ìgbà pípẹ́ bí ẹni ń yẹ afárá wò, mo sì gorí rẹ̀ nígbà tó dà bíi pé yóò gbà mí. Ọdún tí mo ń sin ìlú gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀ ni mo ṣe ìrìbọmi.

Lẹ́yìn ìyẹn mo rí iṣẹ́ tíṣà ní ilé ẹ̀kọ́ girama aládàáni kan ní Ṣakí. Mo gba yàrá síbẹ̀, mo sì wọ ìjọ kan tí kò tóbi. Pásítọ̀ wa, ọkùnrin tí kò fi bẹ́ẹ̀ jù mí lọ lọ́jọ́ orí, ní kí n jẹ́rìí níwájú ìjọ. Mo dìde, mo sọ ohun tí mo kọ sókè yìí, mo sì jókòó. Ariwo halelúyà náà kò dún dé ẹ̀yìn. Nígbà tí ìsìn parí, ó fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Arákùnrin, o ò sọ inú òkùnkùn tí Olúwa ti yọ ọ́."

"Kò sí òkùnkùn nílé wa, Pásítọ̀."

"Báwo ni kò ṣe sí?"

"Bàbá mi kì í purọ́. Kì í rẹ́ni jẹ. Ìmọ́lẹ̀ tí mo fi ka ìwé tó gbé mi dé ọ̀dọ̀ yín, òun ló ra epo sí i."

Ó wò mí bí ẹni pé mo ti fẹ́ padà. N kò fẹ́ padà. N kò kàn fẹ́ fi bàbá mi san owó ọ̀nà ni. Láti ọjọ́ náà ni àwọn kan nínú ìjọ ti ń fi ojú apá kan wò mí, n kò sì lè bá wọn wí, nítorí wọn kò rí nínú mi ayọ̀ tí wọ́n rí nínú àwọn mìíràn. Èmi náà ti wá a nínú ara mi. Ó wà ní ìbẹ̀rẹ̀, díẹ̀.

Oko ni mo ti sọ fún bàbá mi. Èmi àti rẹ̀ ń kọ ebè, òun níwájú, èmi lẹ́yìn ní poro tó tẹ̀ lé tirẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ní poro tèmi ní oko náà. Ìgbà tí apá mi tó gbé ọkọ́ ló ti fi hàn mí pé láti ibí dé ọ̀hún, tìẹ nìyí, bí o bá kọ ọ́ ní ìkọkúkọ, iṣu ni yóò bá ọ wí. Mo sọ fún un. Ó kọ ebè títí ó fi dé òpin poro, ó nàró, ó nu ojú, ó ní, "Mo ti gbọ́."

Ó bínú fún oṣù bíi mélòó kan. Mo mọ ìbínú rẹ̀. Bí mo bá kí i, yóò fi imú dáhùn. Búrẹ́dì tí mo bá rà láti Ṣakí, yóò wà lórí tábìlì títí yóò fi bu. Bí àkókò ìrun bá tó, á dúró lẹ́nu ọ̀nà díẹ̀, á wo apá ibi tí mo jókòó sí, á sì lọ. Dídúró yẹn nira fún mi. Báyìí mo mọ̀ pé àkókò tó dára jù nìyẹn láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀, nítorí ẹni tó bá ń dúró, ẹnìkan ló ń retí.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ sọ pé kí a wá ẹni bẹ̀ ẹ́. "Bàbá rẹ, bí àgbà bá dọ̀bálẹ̀ fún un, kò lè kọ̀. Wá ẹni tí ojú rẹ̀ ń tì í." Mo rò ó pé àwọn ẹbí bàbá mi kò ní lè bá mi bẹ̀ ẹ́, nítorí ohun tó ń dùn ún ń dun àwọn náà. Mo sọ fún pásítọ̀. Ọ̀rọ̀ náà sì dùn mọ́ ọn, nítorí pé èyí tó mọ̀ ọ́n ṣe nìyẹn. Alàgbà ìjọ wa, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì tó ń bọ̀wọ̀ fún ènìyàn gan-an, ní òun yóò bá wa lọ. Ìyá ìjọ ní òun náà ń bọ̀. Ó ní a kì í lọ sílé àgbà lọ́wọ́ òfo.

Òun ló di ẹrù náà. Ó rò ó bó ṣe tọ́. A kò lè gbé iṣu lọ fún ẹni tó ń gbin iṣu. A kò lè gbé ohun mímu tí wọn kò mọ̀ wọ ilé ládàánì. Ó wá wo ohun tí Mùsùlùmí àti onígbàgbọ́ jọ ń jẹ láìsí àríyànjiyàn, ó ra oyin, ó ra obì, ó ra iyọ̀ àti ṣúgà, ó tò wọ́n sínú ọpọ́n fẹ̀ǹtẹ̀, ó fi aṣọ funfun bò ó. Àwa mẹ́rin la jọ gbé ọpọ́n náà láti Ṣakí dé Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí nínú mọ́tò, Ìyá ìjọ ń di aṣọ funfun náà mú kí atẹ́gùn má gbé e lọ, kò sì sí ẹnìkan nínú wa tó ronú kan ohun tí ẹrù náà jọ.

Ní ìyàrá àlejò wa, bàbá mi jókòó, àbúrò rẹ̀ jókòó tì í, ìyá mi dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn. Wọ́n gbé ọpọ́n náà kalẹ̀. Alàgbà dọ̀bálẹ̀ gbalaja, pásítọ̀ dọ̀bálẹ̀ tẹ̀ lé e, Ìyá ìjọ kúnlẹ̀. Àbúrò bàbá mi ká etí aṣọ funfun náà sókè.

"Oyin," ló wí. "Obì. Iyọ̀." Ó yọjú wo ẹ̀yìn àwọn àlejò bí ẹni ń wá nǹkan. "Orógbó ńkọ́? Àbí ẹ gbàgbé ẹ̀ sọ́nà ni?"

Ìyá ìjọ rò pé ó ń tọrọ orógbó lóòótọ́ ni. "Ẹ má bínú, Bàbá. A ò rí i rà láàárọ̀."

"Kò burú. Tí ẹ bá dé ilé, ẹ fi ránṣẹ́. Ó dáa, ọmọ wa wo lẹ rí tó wù yín? Àwọn obìnrin tó wà ńlẹ̀ yìí ti relé ọkọ tán o."

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ìgbà náà ni mo wo inú ọpọ́n náà bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, mo sì rí i pé lóòótọ́, ẹrù ìyàwó la gbé wá. Bàbá mi kò rẹ́rìn-ín. Ó ń wo ọpọ́n náà.

"Ẹ dìde, ẹ jókòó," ló sọ fún àwọn àlejò. "Ilẹ̀ yẹn tutù. Kí lẹ bá wá?"

Alàgbà ní, "Nítorí ọmọ yín ni, Bàbá. Ẹ bá wa fi orí jì í."

"Ṣé ó ti fẹ́ padà ni?"

Alàgbà wo pásítọ̀. "Bàbá, kì í ṣe pé yóò padà."

"Kí wá ni kí n forí jì? Ẹni tó gbé ewúrẹ́ onílé, bó bá fẹ́ kí a bẹ onílé fún òun, á ti kọ́kọ́ tú ewúrẹ́ sílẹ̀." Bí ẹni ń bi akẹ́kọ̀ọ́ ní ìbéèrè ló ṣe sọ ọ́, kì í ṣe bí ẹni ń jà. Mo rántí pé mo rò ó nínú ara mi pé òótọ́ ló sọ.

Pásítọ̀ sún síwájú lórí àga. Ó fẹ́ ràn mí lọ́wọ́, mo mọ̀. "Bàbá, ohun tí a wá tọrọ kò pọ̀. Ẹ jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú ìbùkún yín. Ìyẹn nìkan ni. Ẹ fún wa pẹ̀lú inú dídùn."

Bàbá mi gbé ojú kúrò lórí ọpọ́n. "Ẹ sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan sí i."

Pásítọ̀ tún un sọ, tayọ̀tayọ̀, nítorí ó rí i pé ojú bàbá mi ti rọ̀. Lóòótọ́ ló ti rọ̀. Mo rí i bó ṣe ń rọ̀, bí ojú ẹni tí wọ́n bá gbé ẹrù sọ̀ lórí rẹ̀.

"Ó ti yé mi báyìí," ni bàbá mi wí. "Ẹ̀yin lẹ mọ ohun tí ẹ bá wá. Èmi ni n ò tètè mọ̀."

Ó pe ìyá mi wọlé, ó ní kó wá jókòó kó lè gbọ́. Ó mú obì, ó pa á, ó pín in káàkiri. Ó tọ́ oyin wò. Ó ní kí n wá síwájú òun, mo dọ̀bálẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé mi lórí. Ó ṣe àdúà lédè Lárúbáwá, ó sì sọ ọ́ ní Yorùbá kí àwọn àlejò lè bá a ṣe é. Lẹ́yìn náà ló wí fún wọn pé: "Ọmọ mi nìyí. Mo fi í fún yín. Ẹ má jẹ́ kí ebi pa á. Bó bá ṣẹ̀ yín, ẹ má lù ú, ẹ ránṣẹ́ pè mí."

Àwọn tiwọn ní "Àmín," àwọn tiwa ní "Àmí." Ìyá mi nìkan ni kò ṣe é. Ó ti fa etí gèlè bo ẹnu, mo sì rò pé ìdùnnú ni.

Nígbà tí a ń lọ, bàbá mi sìn wá dé ìta. Ó di ọwọ́ mi mú, ohun tí kò ṣe láti ìgbà tí mo ti sọ fún un. Ó ní, "Máa wá kí wa o."

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìjọ ṣe ìdúpẹ́ lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n jó. Mo jó pẹ̀lú wọn, díẹ̀.

Nígbà tí mo tún lọ sílé, mo dé láàárọ̀, mo rí i pé àgbàlá dọ̀tí, mo na ọwọ́ mú ìgbálẹ̀ bí mo ti máa ń ṣe. Bàbá mi jáde láti inú ilé. Ó ní, "Fi sílẹ̀, fi sílẹ̀. Ṣebí o ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ọ̀nà jíjìn dé ni." Ó pe ọmọ àbúrò rẹ̀ kó wá gbá a, ó sì gbé àga síta fún mi. Wọ́n gbé omi wá nínú gíláàsì, wọ́n fi àwo bò ó. Oúnjẹ tí wọ́n gbé fún mi, ẹran inú rẹ̀ tóbi ju ti bàbá mi lọ. Ó bi mí léèrè iṣẹ́, ó bi mí léèrè pásítọ̀ àti Alàgbà. Ó jẹ búrẹ́dì tí mo rà, ó sì yìn ín. Inú mi dùn ní gbogbo ọ̀sán yẹn. Mo wá a wò lẹ́yìn náà, kò sí ohun tó yẹ kó bà mí nínú jẹ́ nínú gbogbo rẹ̀, bí a bá mú wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Ọjọ́ kejì, mo bá a lọ sóko. Ọkọ́ mi kò sí níbi tí mo máa ń fi í kọ́ sí. Poro tèmi, ọmọ àbúrò rẹ̀ ti wà níbẹ̀, ó ń kọ ebè lọ. Mo ní kí bàbá mi fún mi ní ọkọ́ mìíràn. Ó ní kí n jókòó sábẹ́ mángòrò. "Ta ló ń gbé ọkọ́ fún àlejò? Ṣé o fẹ́ kí àwọn ènìyàn bú mi ni?" Ó rẹ́rìn-ín bó ti ń sọ ọ́. Mo jókòó sábẹ́ mángòrò, mo ń wò wọ́n. Nígbà tí wọ́n sinmi, wọ́n sun iṣu, wọ́n kọ́kọ́ fún mi.

Ìgbà tí Iléyá dé, iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ kò jẹ́ kí n lè lọ. Wọ́n fi ẹran ránṣẹ́ sí mi láti Ṣẹ̀pẹ̀tẹ̀rí, ó pọ̀, wọ́n dì í dáadáa. Ọ̀nà mẹ́ta là ń pín ẹran Iléyá nílé wa, bí àwọn àáfà ṣe kọ́ wa: ti inú ilé, ti àwọn ọ̀rẹ́ àti aládùúgbò, ti àwọn aláìní. Èmi ni mo máa ń bá wọn pín in láti kékeré, nítorí náà mo mọ̀ ọ́n. Ti inú ilé, a kì í gé e wẹ́wẹ́, ìkòkò ló ń lọ tààrà, ẹni tí kò bá sí nílé, wọ́n á yan tirẹ̀ gbẹ dè é. Ti àwọn ọ̀rẹ́ la máa ń gé lógbọọgba tí a ń dì sínú ọ̀rá. Mo tú ọ̀rá náà sórí tábìlì. Wọ́n gé e lógbọọgba.

Mo bi ìyá mi léèrè nígbà tí mo lọ sílé. Inú ilé ìdáná la wà, ó gbà kí n jókòó síbẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò gbà kí n mú nǹkan kan dání. Mo ní, "Màámi, títí dìgbà wo ni Bàbá máa fi bínú?"

"Ta ló ń bínú?" ni ìyá mi wí. "Bàbá rẹ ò bínú. Ó ń sùn dáadáa báyìí. Ká ní ó ń bínú ni, à bá tún wá ẹni bẹ̀ ẹ́."

"Kí wá ni?"

"Wọ́n tọrọ ọ́, ó fi ọ́ fún wọn. Kí ni ì bá tún ṣe? Èèyàn kì í fúnni lọ́mọ tán kó tún máa fi í ṣiṣẹ́ oko."

Mo ti ro ìyẹn ṣáájú, mo sì rí ibi tó ti jò. Mo ní, "Àwọn ọmọ yín obìnrin tó ti relé ọkọ, bí wọ́n bá wálé, ṣe ni wọ́n ń gbálẹ̀. Ṣe ni wọ́n ń dáná. Kò sẹ́ni tó ń gbé omi inú gíláàsì fún wọn. Ọmọ ilé ṣì ni wọ́n."

Ìyá mi ń ro ọkà lórí iná lọ. "Àwọn yẹn, ọjọ́ tí a bí wọn la ti mọ̀ pé wọ́n á lọ. A ti fi ààyè ìyẹn sílẹ̀. Ìwọ, a ò bí ẹ pé kó o lọ."

Mo ṣì ń wá èsì ọ̀rọ̀ yẹn.

Ó yẹ kí n sọ ohun tí àwọn ènìyàn máa ń bi mí, pé ṣé kò sàn kí n padà ni. Mo ti gbé e yẹ̀ wò. Bí mo bá padà nítorí poro oko, bàbá mi ni n ó máa kírun fún, kì í ṣe Ọlọ́run, òun fúnra rẹ̀ yóò sì mọ̀, nítorí òun ló kọ́ mi pé ìrun tí a kò ní èrò ọkàn sí kò sí nílẹ̀. Nítorí náà ọ̀nà yẹn dí. Bí mo bá sì sọ pé ohun tí mo rí níbi tí mo wà tó ohun tí mo pàdánù, irọ́ ni. Ọlọ́run tó lè sún mọ́ni débi tí a fi lè pa á lára, n kò gbọ́ ìró rẹ̀ mọ́. Mo ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mo ń gbàdúrà, mo ń dìde nígbà tí wọ́n bá ní ká dìde. N kò tíì sọ pé kò sí níbẹ̀. Mo kàn ń sọ pé láti ọjọ́ tí a ti gbé ọpọ́n yẹn lọ, gbogbo ilé tí mo bá wọ̀, àga ni wọ́n ń gbé fún mi.

Ọdún tó tẹ̀ lé e, ọwọ́ ọ̀tún bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kú tipiri. Wọ́n lọ sí ọsibítù, wọ́n fún un lóògùn, wọ́n ní kó má gbé ohun tó wúwo. Lákòókò kan náà, ọmọ àbúrò rẹ̀ lọ kọ́ṣẹ́ ní Ìsẹ́yìn. Àwọn lébìrà tó máa ń wá kọ ebè kò wá, nítorí ìbẹ̀rù àwọn ajínigbé tó wà ní agbègbè igbó wa. Òjò àkọ́rọ̀ ti rọ̀. Ìyá mi sọ fún mi lórí fóònù pé ilẹ̀ ti rọ̀ tán, kò sì sí ẹni tí yóò kọ ọ́, pé bàbá mi ń lọ wò ó lójoojúmọ́, yóò sì padà wálé.

Ilé ẹ̀kọ́ ti gba ìsinmi Àjíǹde. N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo ra ọkọ́ tuntun ní ọjà Ṣakí, mo gun ọ̀kadà ní ìdájí, mo kọjá ẹnu ọ̀nà ilé wa láìyà, mo lọ tààrà sóko. Mo bẹ̀rẹ̀ láti poro tó jẹ́ tèmi tẹ́lẹ̀. Ó ti pẹ́ tí mo ti gbé ọkọ́, àtẹ́lẹwọ́ mi bó kí oòrùn tó mú. Mo kọ ọ́ dé òpin, mo mú òmíràn. Mo ń rò ó pé bí ó bá dé tó bá iṣẹ́ nílẹ̀, kò ní lè ní kí n jókòó mọ́, nítorí mi ò ní jókòó, iṣẹ́ náà yóò sì ti wà.

Ó dé lẹ́yìn àyìlá, ìrun ọ̀sán. Ọlọ́kadà já a sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ó rìn wọlé, ó dúró létí oko. Ó wo ebè. Ó wò mí. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí ilẹ̀ rírọ̀ náà, mo kí i. Ó wọ àárín poro, ó ń rìn lọ díẹ̀díẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ti ebè kan.

"Eléyìí ò ga tó," ló wí. "Bó o ṣe ń ṣe látijọ́ náà nìyí. Ìdí ẹ̀ gbòòrò, orí ẹ̀ pẹlẹbẹ, omi á dúró lé e."

N kò lè sọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe wọ̀ mí lára. Mo ti gbé ọkọ́ láti tún un ṣe. Mo ní, "Ẹ jẹ́ kí n gbé yẹ̀pẹ̀ kún un, Bàbá."

Ó dúró. Mo rí i tó rántí. Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí ebè náà, ó sì fi ọwọ́ òsì gbọn eruku kúrò lára aṣọ rẹ̀.

"Ó dára bẹ́ẹ̀," ló wí. "Ó dára gan-an. O kú iṣẹ́. O kú làálàá. Má wulẹ̀ yọ ara rẹ lẹ́nu mọ́, sinmi."

Mo kọ èyí tó kù nítorí pé n kò mọ ohun mìíràn tí mo lè ṣe. Ó jókòó sábẹ́ mángòrò títí mo fi ṣe tán, kò tún bá èyíkéyìí wí. Àwọn mìíràn nínú wọn kò dára rárá. Mo mọ̀ ọ́n mọ̀ fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀ kó lè sọ nǹkan sí wọn.

Nílẹ̀ wa, bí ará ìta bá ṣe ọ́ lóore, a kì í jẹ́ kí ọpẹ́ pin síbi tí oore ti ṣẹlẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́ lọ́jọ́ kejì, wàá múra, wàá wá ẹni tí yóò bá ọ dúpẹ́, ẹ ó lọ sílé rẹ̀, ẹ ó ní ẹ ṣé ti àná. Ẹni tí kò bá ṣe é kò mọ ìwà hù. Ṣùgbọ́n a kì í ṣe é fún ọmọ. Ọmọ tó bá ṣiṣẹ́ fún bàbá rẹ̀, ibẹ̀ náà ni bàbá yóò ti wúre fún un, ó parí, bí iṣẹ́ náà kò bá sì dára, yóò gba ìbáwí kún un.

Ọjọ́ kejì iṣẹ́ oko náà, mo wà nínú yàrá mi ní Ṣakí, ara ń ro mí. Ìyàwó onílé mi ké sí mi láti ìta. "Tíṣà, ẹ láàlejò o. Àwọn bàbá méjì kan ń béèrè yín."

Bàbá mi ni, àti àbúrò rẹ̀. Bàbá mi wọ aṣọ Jímọ̀, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ náà kì í ṣe Jímọ̀. Eruku ọ̀nà Àgọ́-Àmọ́dù ti mú kí fìlà rẹ̀ pọ́n. Ó di ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ mú pẹ̀lú òsì, bó ti ń ṣe bó bá ń ro ó. Mo mú wọn wọlé. Mo gbé àga méjì tí mo ní fún wọn, èmi jókòó sórí ibùsùn. Mo bu omi fún wọn, wọ́n mu.

Bàbá mi ní, "A ní kí a wá kí ọ kú ti àná ni. Inú mi dùn. Ọlọ́run yóò rí ẹni ṣe tìẹ náà fún ọ." Ó yíjú sí àbúrò rẹ̀. "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀."

Mo wo àbúrò bàbá mi. Mo ń retí kó ṣe yẹ̀yẹ́ kan. Nínú gbogbo ayé mi n kò tíì rí i kó jókòó síbi kan tí kò fi ohun tó wà níwájú rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́, èyíkéyìí ni ì bá ti wò mí sàn, kódà bó jẹ́ lórí ebè burúkú tí mo kọ. Ó ń wo ilẹ̀. Ó ní, "A dúpẹ́ o." Ó sì tún un sọ.

Ọpẹ́ ti délẹ̀, wọ́n sì ń retí èsì. Mo wá inú ara mi bóyá mo lè rí ohun tí ọmọ ń sọ nígbà tí bàbá rẹ̀ bá múra wá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nílé. N kò rí i. Kò sí níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Èyí tó wà ni èyí tí aládùúgbò ń sọ, mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará iwájú ilé wa lọ́pọ̀ ìgbà, ó sì yá lẹ́nu.

Mo ní, "Kò tó ọpẹ́, Bàbá."

Bàbá mi mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, bí ẹni tí nǹkan ti tò létòlétò fún. Wọ́n ní àwọn fẹ́ bá alásárì nílé, nítorí kò sí ẹlòmíràn tí yóò pe ìrun. Mo sìn wọ́n dé ibi tí ọ̀kadà wà, mo sì dúró níbẹ̀ títí wọ́n fi lọ.